Igun Ilé Tó Ń Rì

Ọwọ́ Martial wọ inú ògiri náà títí dé ọrùn ọwọ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, bí ẹni tó ń wá ẹyin lábẹ́ adìyẹ, lẹ́yìn náà ló rọra fà á yọ. Eruku funfun bo ìka rẹ̀. Ó nù ún sára ṣòkòtò.

"Ó ti burú," Huguette wí.

"Mi ò tíì sọ pé ó burú, màdáàmù."

"Ọwọ́ yín ti sọ ọ́."

Èjìdé dúró lẹ́yìn àwọn méjèèjì, ó ká apá mọ́ àyà. Láti àná tí Huguette ọmọ rẹ̀ ti pè é láti Sakété pé òun ń mú mọlémọlé kan bọ̀ ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó mọ ohun tí ọmọbìnrin náà ń wá. Ó fẹ́ kí ọkùnrin yìí wo ilé, kó mi orí, kó ní kò ṣeé gbé mọ́, kí òun lè di ẹrù ìyá òun lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n jọ máa lọ sí Sakété, níbi tó ti ń ṣe olùkọ́, tí yàrá òfìfo kan sì ti ń dúró de ìyá rẹ̀ láti ọdún mẹ́ta.

Ilé náà kò tóbi. Yàrá mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan sì gba iwájú gbogbo wọn kọjá. Fálúyì, ọkọ Èjìdé, ló kọ́ ọ sí etí Pobẹ̀ níhà àríwá, níbi tí ilẹ̀ pupa ti ń parí tí ilẹ̀ dúdú àwọn Ọ̀họ̀rí ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà kìlọ̀ fún un nígbà náà pé ilẹ̀ dúdú kì í ṣe ilẹ̀ ilé: bí ọyẹ́ bá dé, á la ẹnu bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, bí òjò bá dé, á wú. Fálúyì ní ẹni tí kò rí ilẹ̀ pupa rà kò ní í torí ìyẹn sun ìta. Ìgbà tí wọ́n sin òun fúnra rẹ̀, kò tíì sí ìlà kan lára ilé náà. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn ni ògiri yàrá ìkẹyìn bẹ̀rẹ̀ sí í là, láti igun fèrèsé gba òkè lọ.

Yàrá ìkẹyìn yẹn ni yàrá Aristide, àkọ́bí Èjìdé.

Martial rìn yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì. Ó ta okùn láti igun kan dé èkejì, ó dì í mú lójú kan, ó sì tún un ta. Ó ti tó ẹni ọdún márùnlélógójì, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì máa ń dákẹ́ pẹ́ kó tó dáhùn ọ̀rọ̀. Ní Sakété, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè bí ilé àgbà bá ń ṣàìsàn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ ilé tuntun. Òun ń wá ẹsẹ̀ mìíràn fún ilé tó ti dúró.

"Ìyá," ó wí nígbà tó padà dé, "ilé yín kọ́ ló ń ṣubú. Igun rẹ̀ kan ló ń rì. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀."

"Ṣé ó máa dúró?" Èjìdé bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa á lálọ̀ọ́ fún yín. Igun mẹ́rin. Sìmẹ́ńtì kan náà, ilẹ̀ kan náà, ọwọ́ mọlémọlé kan náà, ọdún kan náà. Mẹ́ta jókòó jẹ́jẹ́, ìkẹrin ń lọ sísàlẹ̀. Kí ni ìkẹrin yẹn ń jẹ tí àwọn mẹ́ta yòókù kò jẹ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní igun ẹ̀yìn, ó fi ọ̀bẹ fa ojú ilẹ̀. Ojú ilẹ̀ gbẹ, wọ́n sì ti gbá a mọ́ tónítóní. Ó béèrè bóyá omi kankan ń dà síbẹ̀: omi ìwẹ̀, omi abọ́, omi òrùlé. Huguette ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó ní ilé ìwẹ̀ wà lódì kejì, omi òrùlé ń lọ sínú àgbá níwájú, kò sì sí ẹni tó ń lo ẹ̀yìn ibí yìí láti ìgbà tí yàrá náà ti wà ní títì.

"Ìyá?" Martial wí, ó ṣì ń wo Èjìdé.

"Rárá," Èjìdé dáhùn. "Kò sí omi níbẹ̀."

Ṣé ọ̀rọ̀ á wá tán níbẹ̀ bí? Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá àtọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Huguette sì tú gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní owó tí wọ́n fẹ́ fi gbé igun kan ró, kí ló dé tí wọn ò fi lò ó fún nǹkan mìíràn. Ó ní ìyá òun ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òun nìkan ló ń sùn nínú yàrá mẹ́rin. Ó ní bí ògiri bá wó lu ẹnìkan, ta ni yóò gbọ́ igbe. Èjìdé jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Bí mo bá bá ọ lọ," ó wí, "tí Aristide bá wá dé ńkọ́? Ta ni yóò sọ fún un pé Sakété ni mo wà?"

"Fóònù wà, Màmá."

"Fóònù wà ní ọdún mẹ́fà yìí náà."

Huguette wo ilẹ̀. Ó dìde, ó lọ bá Martial níta, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Aristide nígbà tó gba Kútọnu lọ sí ìlú Libreville nílẹ̀ òkèèrè. Ajórin ni, ó ti kọ́ṣẹ́ parí, ó ní ọdún méjì péré lòun máa lò lọ́hùn-ún kí òun tó padà wá dá ṣọ́ọ̀bù tòun sílẹ̀ lójú ọ̀nà Kétu. Ọdún méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pè, lẹ́yìn ìsìn, á béèrè ẹnìkọ̀ọ̀kan, á béèrè ajá. Nígbà tó di ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, ìpè náà dáwọ́ dúró. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ẹnìkan tó ti ọ̀hún dé sọ pé ó ti kọjá sí Port-Gentil. Ẹlòmíràn ní inú ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó sọ pé ó kú, Èjìdé kò sì béèrè ju ohun tí wọ́n bá sọ lọ. Oṣooṣù ló ń fọ aṣọ ibùsùn tí ẹnikẹ́ni kò sùn lé lórí.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn wà tó ń ṣe tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Oṣù kẹta tí Aristide dé Libreville ló pè pé ibà ti dá òun dùbúlẹ̀, ara òun ń jó bí ààrò. Èjìdé gbé fóònù sílẹ̀. Ìgbà náà ló rántí ìyá ọkọ rẹ̀. Aristide jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́jọ nígbà tí ibà kan ṣe é tí ojú rẹ̀ fi ń yí sókè. Màmá náà kò sá, kò kígbe, ó bu omi tútù nínú àmù, ó lọ sí ìdí ògiri ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n sin ibi ọmọ náà sí nínú ìkòkò kékeré, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ẹnìkejì ọmọ. Ó rọra dà á sílẹ̀. "Ẹnìkejì rẹ̀ ló ń jó," ó ní. "Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá tutù, èyí tó wà lókè náà á tutù." Ara ọmọ náà sì balẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀.

Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ìpè ti Libreville wá, Èjìdé bu igbá omi kan, ó lọ sí ìdí ògiri. Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni Aristide pè pé ara òun ti yá. Ta ló kù tó lè sọ fún ìyá bẹ́ẹ̀ pé kó dáwọ́ dúró? Ó ń dà á láràárọ̀, kí agogo ìsìn àkọ́kọ́ tó lù. Ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ló ń gbé àsíá wọn lọ́jọ́ àjọ̀dún, katikísì sì ti wí nígbà kan pé ẹni tó ń fún ilẹ̀ lómi, ilẹ̀ ló ń sìn. Huguette náà, tó bá gbọ́, á rẹ́rìn-ín, á tún máa wò ó bí ẹni tí ọjọ́ ogbó ń dà láàmú. Nítorí náà bó bá dà á tán, á fi ìgbálẹ̀ gbá ojú rẹ̀. Kí oòrùn tó ga, ojú ilẹ̀ á ti gbẹ.

Ọjọ́ Ajé ni Martial kó irinṣẹ́ dé, òun àti Arnaud, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ọmọ ìlú Agidi kan tó sanra níwọ̀nba tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n ń torí ìyẹn sanwó fún. Wọ́n wọ̀ sọ́dọ̀ ìbátan Martial kan láàárín ìlú, láràárọ̀ ni wọ́n sì ń dé kí oòrùn tó mú. Martial fi pílátà dí ojú ìlà ògiri náà níbi méjì, ó kọ ọjọ́ sí i lára, ó ní bí ògiri bá mira, ìyẹn ló máa kọ́kọ́ là. Lẹ́yìn náà ló fi ẹfun pín ìdí ògiri sí wẹ́wẹ́, ó sì kọ nọ́ńbà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà náà kò tẹ̀lé ara wọn. Oókan wà níbí, eéjì wà lọ́hùn-ún, ẹẹ́ta tún padà sí àárín.

Èjìdé dúró wò ó títí. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń kà á ní Sakété nìyẹn?"

Arnaud bú sẹ́rìn-ín. Martial ní kí ìyá jókòó sórí àpótí rẹ̀. Èjìdé jókòó. "Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ ẹsẹ̀ àpótí yìí, tí ẹ kò sì ní í dìde," Martial wí, "ṣé ẹsẹ̀ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni mo máa yọ lẹ́ẹ̀kan náà?"

"O fẹ́ kí n ṣubú nìyẹn."

"Ọ̀kan níbí, mo fi tuntun sí i, ó le. Kí n tó wá kan èyí tó jìnnà sí i. Ẹ̀yin ò ní í mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn án."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọ́n á gbẹ́ ihò kan sábẹ́ ògiri, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju apá nínà lọ, wọ́n á gbẹ́ ẹ títí kan ilẹ̀ líle tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀, wọ́n á to irin, wọ́n á po sìmẹ́ńtì mọ́ òkúta di bẹ́tọ́ọ̀nù, wọ́n á dà á kún un. Wọ́n á wá dúró kó gan kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Ibi tí ògiri yàrá kẹta ti pàdé ti yàrá Aristide, níwájú, níhà ilé ìdáná, ni Martial ti bẹ̀rẹ̀, ó ní ibi tó le ni à ń kọ́kọ́ gbé ró kí a tó fọwọ́ kan ibi tí kò le. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ ganrangan. Nígbà tí Arnaud gbẹ́ ẹ dé orúnkún, ó gbé àfọ́kù ìkòkò kan sókè, ó béèrè bóyá ti ìyá ni. Èjìdé ń ro ọkà lọ́wọ́ fún wọn, kò tilẹ̀ yíjú. Ó ní àfọ́kù ni, kó jù ú nù.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, iṣẹ́ ń lọ. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ igun ẹ̀yìn, ìrísí ilẹ̀ ń yí padà. Ó kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ló ń lẹ̀ mọ́ ṣọ́bìrì. Nígbà tí wọ́n ṣí ihò tó ṣáájú ìkẹyìn, omi ń sun níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ojú ẹni tí eruku wọ̀. Ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ láti oṣù kan, kànga gbogbo àdúgbò ti lọ sísàlẹ̀, ilẹ̀ oko ti là débi tí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ń há sí i.

Martial kò lè fara mọ́ ọn. Ó lọ wo kànga aládùúgbò, ó wọn jíjìn rẹ̀. Ó lọ wo àmù, ó wo àgbá omi òjò, ó tẹ etí mọ́ paipu omi ìjọba tó gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ó tún bi Èjìdé lẹ́ẹ̀kejì, ó bi í lẹ́ẹ̀kẹta, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá nǹkan kan wà tó ti gbàgbé. Èjìdé ní kò sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bu igbá kan ṣoṣo dípò garawa tó máa ń dà, ó sì dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má baà lọ sínú ihò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé igbá kan kò lè ṣe ilé ní nǹkan kan. Kí ni igbá omi kan lójú ilé tó wúwo báyìí?

Nígbà tó di ọjọ́ kọkànlélógún oṣù náà, Aristide pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì. Èjìdé ti jí tipẹ́ kí àkùkọ tó kọ. Ó jókòó sétí ibùsùn rẹ̀, ó gbìyànjú láti rí ojú ọmọ náà bó ṣe máa rí nísinsìnyí, bóyá irun iwájú rẹ̀ ti ń lọ bíi ti bàbá rẹ̀, bóyá ó ti bímọ tí kò mọ ìyá àgbà. Ojú tó ń rí kò kọjá ti ọmọ ọdún méjìlélógún. Ó dìde, ó pọn garawa kún, ó dà á tán. Ó tún pọn òmíràn.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù nígbà tó gbọ́ ariwo kan bí ìgbà tí àpò iyọ̀ já lórí ọkọ̀. Ó sáré yí ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀gbẹ́ ihò náà ti ya lulẹ̀, ó bo Arnaud dé ìbàdí; búlọ́ọ̀kù méjì ti já bọ́ lókè rẹ̀, ọ̀kan ti họ èjìká rẹ̀ débi tí ẹ̀jẹ̀ fi ń sọ̀ kalẹ̀ sí ìgbànú. Martial ti fi ẹ̀yìn gbé pákó kan ti ògiri. Kò pariwo. Ó kàn ń sọ pé, "Má mira. Má mira, Arnaud. Ìyá, ẹ fún mi ní igi yẹn. Èyí tó gùn." Èjìdé fà á fún un. Martial fi igi náà ti pákó, ó kan án mọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ló fò sínú ihò, ó ń fi ọwọ́ wa ẹrẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fa Arnaud yọ. Bàtà rẹ̀ kan dúró sínú rẹ̀.

Arnaud jókòó sílẹ̀, ètè rẹ̀ funfun. "Ilẹ̀ yín fẹ́ràn mi, Ìyá," ó wí. "Ó ní kí n má lọ mọ́." Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ já, kò sì lè rẹ́rìn-ín tán.

Martial fọ ojú ọgbẹ́ náà, ó fi aṣọ dì í. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó irinṣẹ́ jọ, ó ń gbọn ẹrẹ̀ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun máa pe Huguette. Ó ní òun ti rí ilé tó burú ju èyí lọ, òun sì gbé e ró, ṣùgbọ́n òun kò ní í fi ọmọ ọlọ́mọ sábẹ́ ilé tí òun kò mọ ohun tó ń mu.

"Omi mi ni," Èjìdé wí.

Martial dúró.

"Èmi ni mò ń dà á."

Ó sọ ọ́ ní ìdúró, láti orí ibà ọmọ oṣù mẹ́jọ títí dé garawa méjì ti àárọ̀ ọjọ́ náà, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Nígbà tó sọ tán, Martial jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan.

"Ọdún mélòó?"

"Ọdún mẹ́rìnlá."

"Garawa lójoojúmọ́?"

"Igbá ni tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí kò pè mọ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í da garawa."

"Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn," Martial wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ọdún kejì rẹ̀ ni ògiri là." Fún ìṣẹ́jú kan, ojú rẹ̀ fẹ́ rí bí ti ẹni tó já àlọ́, àfi ìgbà tó tún wo Arnaud. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín, Ìyá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bi yín, ẹ wo ojú mi, ẹ ní kò sí. Ìyàwó Arnaud ń retí rẹ̀ ní Agidi."

Èjìdé yí sí Arnaud, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ọmọkùnrin tó lè bí. Arnaud fi ọwọ́ tí kò dùn ún gbá a lápá mú, ó ní ìkúnlẹ̀ àgbà fún ọmọdé, ẹ̀pè ni, kí ìyá má fi ohun tó ju ọgbẹ́ lọ kún un fún òun, kó dìde, kó wá nǹkan jíjẹ fún òun dípò rẹ̀.

Ọ̀sán ni Huguette dé lórí ọ̀kadà zẹ́mì, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Martial ló ròyìn fún un, níwájú ìyá rẹ̀, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè yọ ìkòkò náà kúrò lábẹ́ igun, kí wọ́n jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ, kí wọ́n da bẹ́tọ́ọ̀nù sí i, omi kò sì gbọdọ̀ kan ibẹ̀ mọ́ láéláé. Gbogbo ilé á dúró. Tàbí kí wọ́n wó yàrá ìkẹyìn kúrò, kí ilé parí sí ògiri yàrá kẹta, ìkòkò á wà níbi tó wà, á sì jìnnà tó sí ilé tí ẹni tó bá fẹ́ da omi lè máa dà á.

Èjìdé ti múra sílẹ̀ de ẹ̀rín. Huguette kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sí etí ihò náà, ó wo inú rẹ̀ títí.

"Tèmi ńkọ́?" ó wí.

"Èwo?"

"Màmá, ibo lẹ sin tèmi sí?"

Èjìdé rántí ibẹ̀. Iwájú ni. Níhà ilé ìdáná, ibi tí ògiri méjì ti pàdé. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ, nínú òjò. Ó rí àfọ́kù ìkòkò lọ́wọ́ Arnaud, ó rí ara rẹ̀ nídìí ìkòkò ọkà, tí kò yíjú.

"Wọ́n ti da bẹ́tọ́ọ̀nù lé e," ó wí. "Ihò àkọ́kọ́."

"Ẹ kò sọ fún wọn."

"Mi ò rántí."

Huguette mi orí díẹ̀díẹ̀, bí olùkọ́ tó ń gbọ́ ìdáhùn tó ti mọ̀ kó tó béèrè. "Ẹ kò da omi sí i rí."

"Ìwọ wà nítòsí." Èjìdé sún mọ́ etí ihò. "Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń rí ọ. Bí ara rẹ bá gbóná, mo máa fọwọ́ kàn án, màá mọ̀. Òun, kò sí ibòmíràn tí mo ti lè fọwọ́ kàn án."

Huguette jókòó sórí òkìtì erùpẹ̀, ó yọ gèlè rẹ̀, ó ń fi nu ojú. Kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá eruku ló ń nù. Arnaud dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo bóyá ọgbẹ́ òun nílò atẹ́gùn, ó sì yí iwájú ilé lọ. Martial tẹ̀lé e.

Èjìdé wọ yàrá Aristide. Aṣọ ibùsùn wà ní títẹ́ gbalaja. Bàtà iṣẹ́ kan wà lábẹ́ ibùsùn, awọ rẹ̀ ti kákò. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi tọ́jú yàrá yìí kí ọmọ náà lè rí ibi wọ̀. Ó gbìyànjú láti rí i kó gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé, kò rí i. Ẹni tó ń rí ni ara rẹ̀, tó ń ṣílẹ̀kùn, tó ń gbọn aṣọ, tó ń tì í padà. Aristide kò mọ̀ bóyá wọ́n fọ aṣọ ibùsùn ní Pobẹ̀. Yàrá náà, òun Èjìdé ni yàrá náà wà fún. Omi nìkan ló ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ, bí nǹkan kan bá ń lọ.

Nígbà tó jáde, ó pe Martial.

"Ògiri yàrá kẹta, ṣé ó lè jẹ́ òpin ilé?"

"Ó lè jẹ́ ẹ. Ihò àkọ́kọ́ tí a dí, abẹ́ rẹ̀ ló wà. Kò sí ibi tó le tó o nínú gbogbo ilé yìí."

Èjìdé wo Huguette, Huguette náà wò ó.

"Wó yàrá náà," Èjìdé wí.

"Màmá." Huguette ti dìde. "Yàrá Aristide ni."

"Mo mọ yàrá tó jẹ́."

"Tó bá wá dé ńkọ́?"

Ìbéèrè tí Èjìdé ti ń bi gbogbo èèyàn láti ọdún mẹ́rìnlá nìyẹn. Ó jọ ọ́ lójú pé ẹnu ẹlòmíràn ni ó ti gbọ́ ọ.

"Tó bá dé, á sùn lọ́dẹ̀dẹ̀, bí àlejò, títí a ó fi rí nǹkan ṣe sí i. Mi ò ní í torí yàrá tí kò sùn sí gba omi lẹ́nu rẹ̀. Ìwọ tó ń wá, ilé yìí ni tìrẹ, jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ tó le."

Martial béèrè ìgbà tí wọ́n fẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀. Èjìdé ní kó jẹ́ kí Arnaud sinmi ọjọ́ mẹ́ta, kí ọwọ́ rẹ̀ jinná, òun kò sì ní í da omi kankan títí ògiri yóò fi kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló padà wọ yàrá, ó gun orí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ ojú fèrèsé. Ìṣó kejì ti dógùn-ún, kò jẹ́ kó yọ. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ Huguette lẹ́yìn rẹ̀, kò yíjú. Ó kàn na etí aṣọ náà sí i, ọmọbìnrin náà sì gbà á, wọ́n jọ fà á títí ó fi já.